Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta fún Ilé Kan ní Kelibia

Kọ́kọ́rọ́ náà wọ ihò, ṣùgbọ́n kò yí. Zohra tún un kì bọ̀ ọ́, ó fi èjìká ti ìlẹ̀kùn. Òfo. Mouldi ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpò ẹrù wọn lẹ́bàá ògiri, ó ń fi agbára mí. Ogún ọdún ló fi fọ́ òkúta lẹ́yìn Kairouan. Eruku ibẹ̀ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Dókítà ní kò ní rí ìgbà òtútù. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: kó sùn sílé tí yóò ti máa gbọ́ ìró òkun. Zohra ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó háyà ilé yìí ní Kelibia, ìlú etíkun ní Tunisia, fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lamjed. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ̀rọ̀. Awakọ̀ akérò ló fi kọ́kọ́rọ́ rán.

Kò pẹ́ tí ìdílé méjì mìíràn fi dé. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló fún yín?" ni Zohra bi wọ́n.

"Lamjed."

"A gbé o!" Hédi, gbẹ́nàgbẹ́nà láti Béja, káwọ́ lérí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Souad, obìnrin tó ń gbé òdìkejì, yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ̀yin mẹ́ta yìí ló sọ ọ́ di ìdílé mẹ́sàn-án lóṣù yìí. Faransé ni onílé wà. Ẹ bá mi wo ìpolówó tó wà lórí fóònù mi: ilé yẹn náà rèé, orúkọ mìíràn, nọ́ńbà mìíràn."

Zohra gba fóònù náà, ó pe nọ́ńbà yẹn. Ohùn Lamjed ló dáhùn, ó dùn bí oyin.

"Mo fẹ́ ilé yẹn," ni Zohra wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mi ò fọkàn tán awakọ̀."

"Ilé kọfí ẹ̀bá èbúté, lẹ́yìn ìrun àsárì."

Àwọn ọlọ́pàá tí Souad pè ti ń ṣọ́ ibẹ̀. Lamjed wá lóòótọ́, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti sálúbàtà. Ṣùgbọ́n ara Hédi ò gbà á. Ó fò dìde kí ọlọ́pàá tó súnmọ́. Lamjed bẹ́ sí eré. Ó la àárín àwọn agboòrùn etíkun kọjá, ó da àwo ẹja ẹlẹ́ja nù, ó bẹ́ sínú ọkọ̀ akérò tó ti ń lọ. Zohra dúró gbọn-in níwájú ọkọ̀.

"Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà!" ni awakọ̀ kígbe.

"Tẹ̀ mí pa!"

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́pàá wọ́ Lamjed bọ́ sílẹ̀, ó mú un lọ sí àgọ́ wọn.

"Orúkọ rẹ?"

"Lamjed."

"Mo ní orúkọ rẹ gan-an!"

"Fethi."

"Owó wọn dà?"

"Ó ti tán. Mi ò ní kọ́bọ̀."

Zohra súnmọ́ tábìlì. "Mo sọ fún ọ pé ọkọ mi ń kú lọ. O ṣàdúrà fún un."

Fethi wo ilẹ̀. "Ìdí tí mo fi yàn yín nìyẹn. Ẹni tó ní aláìsàn kì í ráyè wá olè kiri."

Ọlọ́pàá gbé bírò sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Souad tẹ́ ẹní fún gbogbo wọn lórí òrùlé rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti ata lílọ̀ wá. Hédi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, ó kéré tán, olè náà wà látìmọ́lé. Òkun ń ru gùdù nísàlẹ̀.

"Ṣé ò ń gbọ́ ọ?" ni Zohra bi ọkọ rẹ̀.

"Ikọ́ mi ni mò ń gbọ́," ni Mouldi wí.

Zohra gbé e jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ti àyà ara rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń dúró kí ikọ́ náà dákẹ́.