Ọkọ̀ Òde-Omi, Apá Kejì

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Tẹniọlá. Láti ọjọ́ Ajé ni Farouk ti ń gbé fóònù kiri kíláàsì pé kí gbogbo ayé wá wo géèmù bọ́ọ̀lù tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sórí rẹ̀. Ó ti di Ọjọ́bọ̀ báyìí, ẹnu rẹ̀ kò tíì sinmi. Nígbà tí wọ́n lu agogo ìsinmi ráńpẹ́, ó tún gbé e dé iwájú Tẹniọlá, ó ní kó wo bí koríko pápá ṣe ń tàn yanran.

"Farouk, jẹ́sì ni wọ́n pààrọ̀," Tẹniọlá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kà. "Lọ́dún tó kọjá, jẹ́sì ni wọ́n pààrọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, jẹ́sì náà ni wọ́n máa pààrọ̀. Ẹni tó bá ṣe apá kìíní tán tó tún ń ṣe apá kejì, kò ní nǹkan tuntun lórí mọ́ nìyẹn."

Farouk bi í pé ṣé ó ti gbá a wò. Tẹniọlá ní kò dìgbà tí òun bá gbá a kí òun tó mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń parí láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pé bí o bá fẹ́ kí Tẹniọlá gbaná jẹ, kí o ṣáà ti dárúkọ géèmù tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn orúkọ.

Ká sòótọ́, ẹnu rẹ̀ gbà á, nítorí òun náà ń ṣe géèmù. Lọ́dún tó kọjá, òun àti Farouk ló ṣe èyí tí wọ́n pè ní "Ọkọ̀ Òde-Omi". Ọmọkùnrin apẹja kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lójú ọ̀sà, tó ń yà fún kùkùté igi àti ewé orí omi. Farouk ya àwòrán, Tẹniọlá fi kọ̀ǹpútà kọ gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó wáyé ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n sì ṣe ipò kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gba géèmù náà sórí fóònù wọn.

Lọ́dún yìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ẹ̀bùn ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ni kò sì jẹ́ kí ara Tẹniọlá balẹ̀. Èyí tó ń lò, ti Bùsúyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bùsúyì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀ nínú oṣù kọkànlá, yóò sì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Ọjọ́ tó bá gbé e lọ, géèmù ṣíṣe parí fún Tẹniọlá nìyẹn, nítorí àwọn òbí rẹ̀ kò lè ra òmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, olùkọ́ wọn nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ka òfin ìdíje sí wọn létí. Iṣẹ́ tuntun ni kí wọ́n mú wá. Bó bá jẹ́ apá kejì iṣẹ́ àtijọ́ ni, kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ lè sọ nǹkan kan tí apá kìíní kò lè ṣe. Tẹniọlá yọ ṣùtì. Ó ní irú ọ̀lẹ wo ló máa gbé apá kejì lọ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan tuntun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀ géèmù ọlọ́kadà kan, ṣùgbọ́n ọ̀kadà náà kò yé gun orí òrùlé ilé onílé. Ó pa á tì, ó bẹ̀rẹ̀ ti ọmọ tí ajá ń lé. Ajá náà kọ̀, kò sáré, ìdúró ló dúró tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn oníná tún mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Nígbà tí iná fi máa dé, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù, ìyá rẹ̀ sì ń pè é pé kó wá gún ata. Ẹ gbà mí, kí lèèyàn á ti ṣe irú èyí sí?

Bó ṣe ṣí "Ọkọ̀ Òde-Omi" àtijọ́ nìyẹn. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó sọ omi tó jẹ́ búlúù tẹ́lẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó fi oòrùn alẹ́ rọ́pò ti òwúrọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù funfun lọ́rùn ọmọkùnrin apẹja, ó wọ pupa fún un. Lẹ́yìn náà, ó kọ "Apá Kejì" sí ìdí orúkọ rẹ̀. Wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó fi í han Farouk, Farouk gbá a títí dé òpin kó tó sọ̀rọ̀.

"Tẹniọlá, aṣọ lo pààrọ̀."

Inú bí Tẹniọlá gan-an ni. Ó ní bí Farouk bá ní èyí tó dára jù ú lọ kó mú un jáde, bí kò bá sì ní, kó panu mọ́. Farouk panu mọ́ lóòótọ́. Ó mọ ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Japheth, bàbá tó bí ìyá Tẹniọlá, wọlé dé láti Òde-Omi. Ìjọ Aládùúrà wọn tó wà ní Jàpárà, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó níbẹ̀, ló fẹ́ ṣe ìkórè, bàbá sì ti kó ẹja gbígbẹ dání. Tẹniọlá fi géèmù hàn án, bó ṣe fi apá kìíní hàn án lọ́dún tó kọjá, ó retí kí ó yìn ín. Ó ṣáà fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é. Bàbá fi ìka rẹ̀ tó ti gan ti ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn, ó wò ó dáadáa.

"Ọmọ mi, omi ọjọ́sí náà nìyí," ó wí. "Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Tẹniọlá ní àṣìṣe wo? Bàbá ní ẹ̀bá ọ̀sà tí wọ́n yà síbẹ̀ yẹn, omi rẹ̀ kò ju itan lọ, kò sì sẹ́ni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Bí ọ̀pá bá kanlẹ̀, ọwọ́ á mọ̀ bóyá ẹrẹ̀ ni tàbí iyanrìn. Bí kò bá kanlẹ̀ mọ́, wọ́n ti dé ibú nìyẹn, ìgbà náà ni wọ́n á tó mú àjẹ̀. Ó ní kùkùté tí òun sì ń rí kedere lójú fóònù yìí, ojú ta ló ń rí i nínú omi dúdú? "Ọwọ́ la fi ń ríran níbẹ̀," ó wí.

Ọmọ ìlú gẹdú ni Tẹniọlá, ọkọ̀ akógẹdú ló mọ̀, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Ó yẹ kó jókòó kó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ló kù, ta ló ń wá ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà? Ó ní, "Bàbá, eré lásán ni." Bàbá dá fóònù padà fún un, ó sì bèèrè omi tí òun máa mu.

Ọjọ́ ìdíje pé. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, Dókítà Ànúolúwa, ni adájọ́. Nígbà tó kan Tẹniọlá, ó dúró, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ omi, ó sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, ó ní iṣẹ́ tuntun pátápátá ni. Dókítà náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè nínú gbọ̀ngàn pé ta ló ti gbá apá kìíní rí. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ lọ sókè. Ó pe ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah síwájú, ó gbé apá kejì lé e lọ́wọ́, ó ní kó kọjú sí èrò, kó má wo fóònù náà.

Sarah kọjú sí èrò. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ sósì, sósì, sọ́tùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo kùkùté tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì wà lójú kan náà, kò sì gbàgbé ọ̀kankan. Ó dé èbúté láìfi ojú kan géèmù náà. Gbogbo gbọ̀ngàn fi ẹ̀rín pa ara wọn.

"Kí ni mo lè ṣe nínú èyí tí n kò lè ṣe nínú ti àkọ́kọ́?" Dókítà bi Tẹniọlá.

Tẹniọlá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọ̀ omi. Wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje nítorí pé ó pe ohun tí kì í ṣe tuntun ní tuntun. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ojú tì í débi pé kò lè wo Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Èyí tó tiẹ̀ dùn ún jù ni pé Farouk, tó ní ẹ̀tọ́ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Ó sunkún tán, inú rẹ̀ wá ń bí i sí ara rẹ̀. Sarah tó ń gbá géèmù láìwò ó kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó rántí Bàbá Japheth àti ohun tó sọ nípa ọwọ́ tó ń ríran. Tí ó bá jẹ́ pé omi náà kò fi nǹkan kan han ojú rárá ńkọ́?

Nígbà ìsinmi àárín sáà, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Òde-Omi. Bàbá gbé e sínú ọkọ̀, ó fún un ní ọ̀pá. Tẹniọlá ti ọ̀pá bọ ẹrẹ̀, ọ̀pá kọ̀, kò jáde, díẹ̀ ló kù kí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e bọ́ sómi. Apá ro ó, ara rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó ń kùn ṣáá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ti ń mọ iyanrìn yàtọ̀ sí ẹrẹ̀.

Ó padà délé, òun àti Farouk tú géèmù náà palẹ̀, wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi rẹ̀ dúdú báyìí, kùkùté kan kò hàn. Bí ọ̀pá bá kan iyanrìn, fóònù á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan gbàà. Bó bá kan ẹrẹ̀, á gbọ̀n jẹ́jẹ́, á pẹ́. Bí kò bá gbọ̀n rárá, ibú nìyẹn, kí o yára mú àjẹ̀. Bùsúyì ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó ń bèèrè kọ̀ǹpútà, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀ gan-an ló gbé e lọ.

Nígbà tí Bàbá Japheth tún wá, wọ́n fi fóònù sí i lọ́wọ́, wọn kò ṣàlàyé fún un. Bàbá di ojú rẹ̀.

"Ẹrẹ̀ rèé," ó wí. Ó tún ṣe díẹ̀. "Iyanrìn." Lẹ́yìn náà ló dáwọ́ dúró. "Ibí ti jìn. Àjẹ̀ mi dà?"

Tẹniọlá gba fóònù padà. Ó ti rí ohun tó yẹ kó gbé lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, kò sì sí ìdíje mọ́, kò sí kọ̀ǹpútà mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó bá Farouk lábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀ àsọjù fún ọdún mẹ́ta. Ó ní apá kejì lè jẹ́ nǹkan tuntun, kódà kì bá tí ṣeé ṣe fún wọn láti ṣe èyí tí wọ́n ṣe yìí bí kò bá sí ti àkọ́kọ́ tí bàbá ti rí àṣìṣe inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pààrọ̀ aṣọ, kó pè é ní aṣọ tó pààrọ̀, kó má purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun purọ́, irọ́ náà ló sì gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́.

"Gbé géèmù bọ́ọ̀lù yẹn wá."

Farouk gbé e fún un tìyanu-tìyanu. Tẹniọlá gbá a títí agogo fi lù, wọ́n sì fi góòlù mẹ́fà sódo nà án.

"Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀," ó wí, ó lejú koko. "Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà."