Dókítà Agbada

Òórùn ọ̀dà ni Tàíbátù kọ́kọ́ gbọ́. Àárọ̀ Jímọ̀ ni, ó ti po ìyẹ̀fun àgbàdo, ó ti gbé agbada kaná, ó da òróró sí i. Kàkà kí òróró máa dún, ara agbada ló ń hó. Dúdú ara rẹ̀ ń ṣí kúrò, funfun ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi àkísà gbé e sókè. Ó fúyẹ́ bí abọ́ ike.

"Èyí kì í ṣe agbada ìyá mi," ló wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Agbada ìyá rẹ̀, irin gidi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá náà ti gbé e wá sí Niamey ní Niger láàárín ẹrù aṣọ. Ọṣẹ kì í kàn án. Tí wọ́n bá dín nǹkan tán, àkísà olóròóró ni wọ́n fi ń nù ún. Nígbà tí ìyá fẹ́ kú, Tàíbátù ṣèlérí pé agbada yẹn ni òun á máa fi dín mósà sàráà ní gbogbo Jímọ̀, kí àwọn tó bá jẹ ẹ́ lè ṣàdúà fún ìyá. Kò tíì yẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ wá wo wàhálà lójú Jímọ̀.

Zubaidat, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Boukoki, àdúgbò wọn ní Niamey, tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, jáde síta.

"Màmá, ta ló fọwọ́ kan pwáàlì yín, agbada yín?"

"Dókítà ni."

"Dókítà wo?"

"Dókítà agbada."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Zubaidat, ó gbé e mì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lánàá Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó wọ kafutáànì funfun wọlé, ó ní Ọlálékan lorúkọ òun, dókítà agbada sì ni òun. Ó kí wọn tilé tọ̀nà. Ó ní òun ní oògùn Faransé tó ń sọ agbada àtijọ́ di tuntun, ọ̀fẹ́ ni. Ó kó ti Tàíbátù àti ti àwọn aládùúgbò lọ, ó dá wọn padà nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn ń dán. "Ẹ má gbé wọn kaná títí di Àìkú," ló wí, "kí oògùn lè wọra." Wọ́n tiẹ̀ tún ṣàdúà fún un! Ọgbọ́n burúkú kún inú rẹ̀, àmọ́ ó gbàgbé Jímọ̀. Ta ló máa ní kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ má dáná sàráà nítorí oògùn? Bí kì í bá ṣe ti sàráà ni, kí Àìkú tó pé, ọ̀gbẹ́ni ti dé Kútọnu.

Tàíbátù pe àbúrò rẹ̀ Àbdùlrásàq, tó ń wa takisí. Aládùúgbò kan ti gbọ́ tí ọkùnrin náà ní àdúgbò Dar es Salam níbẹ̀ ní Niamey ni òun wọ̀ sí, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Wọ́n forí lé ibẹ̀, Zubaidat bá wọn lọ. Igbá ìyẹ̀fun wà lórí itan Tàíbátù. Ohun tó ti fi bísímílà pò fún sàráà, kò ní fi í sílẹ̀ fún adìyẹ.

Wọ́n kanlẹ̀kùn níbẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Aláìsàn ni," Àbdùlrásàq dáhùn.

Wọ́n gbọ́ gbì. Ọkùnrin náà ti gun ògiri ẹ̀yìn pẹ̀lú àpò ńlá, ó bẹ́ gun ọ̀kadà. Agolo ọ̀dà dúdú àti àfọ́kù ìkòkò àlúmí fífúyẹ́ ló kù nínú yàrá.

"Ọjà Katako ni wọ́n ti ń yọ́ àlúmí," Àbdùlrásàq wí. "Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta agbada, ibẹ̀ ló ń gbé àpò yẹn lọ."

Ní Katako, wọ́n mú ọlọ́pàá kan dání. Ẹ̀yìn àwọn tó ń ta pákó ni wọ́n ti rí i, ó ń ta agbada fún oníbúkà kan.

"Ojúlówó ni," ló ń wí. "Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ mọ́jú, ẹ fi yanrìn bó o."

Tàíbátù ò lè mú un mọ́ra. "Irin wo ni wọ́n ń rẹ sómi mọ́jú? Ṣé o fẹ́ kó dípẹtà ni?"

Ọlálékan wẹ̀yìn, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹni tó bá sáré láàárín pákó ní Katako, pákó ni wọ́n á rò pé ó jí. Àwọn onípákó dínà mọ́ ọn, wọ́n dì í mú.

"Ta ló ni agbada wọ̀nyí?" ọlọ́pàá bi í lédè Haúsá.

"Tèmi ni, ṣẹ́ẹ̀fù. Kútọnu ni mo ti rà wọ́n."

"Ìyá yìí ní tòun wà níbẹ̀."

"Agbada jọ agbada. Ṣé orúkọ wọn wà lára ẹ̀ ni?"

Lóòótọ́, kò sórúkọ. Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń kan agbada kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba èyí tó mọ̀, ó sì gbé e jáde.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e kaná," ló wí. "Mósà tó bá wà nídìí etí agbada yìí ló máa pọ́n kẹ́yìn. Ibẹ̀ nípọn ju ibi yòókù lọ."

Ọlọ́pàá yíjú sí Ọlálékan. "Ìwọ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn á pọ́n pọ̀."

Ọkùnrin tó ń se tíì yá wọn ní iná èédú, oníbúkà fún wọn ní òróró. Tàíbátù fi òróró nu agbada, ó ń bu ìyẹ̀fun sí i. Mósà ń yọ̀ kiri, kò lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pọ́n, àfi ti ìdí etí agbada tó ṣì funfun. Àwọn onípákó hó yèè.

"Sọ òótọ́," ọlọ́pàá wí, ó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ọlálékan jẹ́wọ́. Inú yanrìn ló ti ń tẹ agbada alágbada, á yọ́ àlúmí sínú ihò tó bá fi sílẹ̀, á kùn ún lọ́dà dúdú, á dá ayédèrú padà, á sì ta ojúlówó. Zubaidat tẹ àwọn aládùúgbò láago. Wọ́n rọ́ dé, oníkálukú ń gbé agbada tirẹ̀ mọ́ra, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń fi dókítà ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀rí ni agbada yìí," ọlọ́pàá sọ fún Tàíbátù. "Ó ń lọ sí kọmísáríà, àgọ́ wa."

"Ọ̀la ni màá gbé e wá, ṣẹ́ẹ̀fù. Jímọ̀ ni lónìí."

Ọlọ́pàá nu òróró kúrò lẹ́nu. "Ọ̀la o."

Tàíbátù fi ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-kéwú Boukoki, ó dín èyí tó kù níbẹ̀, ó pín in fún onípákó àti onítíì. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọlálékan, ó na ọ̀kan sí i.

"Màmá, òun náà?" Zubaidat bi í.

"Sàráà ni. Mi ò ṣa ẹni tó máa jẹ ẹ́." Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Àmọ́ kó o tó jẹ ẹ́, ṣàdúà fún ẹni tó ni agbada."

Ọlálékan kúnlẹ̀. "Kí lorúkọ wọn?"

"Hàwáù."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó tọrọ pé kí Ọlọ́run forí ji Hàwáù, kó sì forí ji òun náà. Omi lé sí i lójú. Gbogbo ẹ̀yìn pákó ṣe àmín, ohùn Tàíbátù ló sì ròkè jù.