Àmì Ìdúró tí Ewé Bò

Ẹni tó dá ayé fi ààlà sí ohun gbogbo. Òkun ní etí tí kì í kọjá. Ọ̀sán mọ ìgbà tó yẹ kí ó fi àyè sílẹ̀ fún òru. Àwa ọmọ ènìyàn náà kọ́ ọgbọ́n yìí, a gbé òfin kalẹ̀ sí ojú pópó kí ẹ̀mí má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú arúfin lè ṣì mú aláìṣẹ̀. Nítorí náà ni òfin kan náà ṣe ṣí ìlẹ̀kùn àwíjàre sílẹ̀. Àìmọ̀ àti ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí a kan ìlẹ̀kùn náà.

Adúmáradán ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin kan nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fọ̀. Bàbá rẹ̀, káfíńtà, ló ń fi ọkọ̀ gbé aṣọ náà lọ tẹ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Láti ìgbà tí ọmọ ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, òun nìkan ni awakọ̀ ilé. Bí ọkọ̀ bá dúró, oúnjẹ dúró.

"Má jẹ́ kí aṣọ mi rún o," ni ìyá wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ti ń to ẹrù. "Bí ó bá rún, ìwọ ni n ó tẹ́ sórí pákó ìlọṣọ."

"Ẹ má jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbóná jù nígbà náà, Màmá."

Ó já aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iwájú ilé ìwòsàn, ó sì forí lé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyókù. Nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà, kò de bẹ́líìtì mọ́. Bí ó ti yọ sí títì ńlá, ọlọ́pàá ojú pópó na ọwọ́ dá a dúró.

"Kí ló dé tí o kò dúró níbi àmì ìdúró?"

"Àmì wo, sà? N kò rí àmì kankan."

"Gbogbo yín lẹ kì í rí i. Bẹ́líìtì ńkọ́? Òun náà ò hàn?"

Ojú ti Adúmáradán. Ọkùnrin náà kọ ẹ̀sùn méjèèjì sórí ìwé, ó fi lé e lọ́wọ́.

Nílé, ìyá káwọ́ lérí. "Ẹ jẹ́ ká sanwó ká sinmi. Ta ní ń bá ìjọba jà?"

"Rárá," ni bàbá wí. "Èmi ni n ó ní mo wakọ̀. Ìwé tèmi ti pẹ́, wọn ò ní tìtorí ìyẹn gbà á."

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kí òpó iná 'ẹ káalẹ́' lánàá, tẹ́ ẹ ń retí kó dáhùn?" ni Adúmáradán wí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá, tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá sanwó ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Àìdúró níbi àmì, wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ awakọ̀ tuntun. Ẹ yí ìwé náà sẹ́yìn: ẹni tí kò bá gbà lè kọ̀wé kí gbèdéke tó pé, kí adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àna mi, irọ́ níwájú adájọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ti bẹ́líìtì, ẹ gbà á, òótọ́ ni. Ti àmì, ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀."

Wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá kọ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. "Bí awakọ̀ ṣe rí i ni kí a wò ó." Adúmáradán rọra wakọ̀ gba ọ̀nà kan náà, ẹ̀gbọ́n ìyá jókòó tì í, ó ń ya àwòrán. Ewé ti bo ojú àmì náà pátápátá. Ṣùgbọ́n láti igun tí ọlọ́pàá dúró sí, ẹ̀yìn rẹ̀ hàn kedere.

Kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn, bàbá ti fa ayùn yọ.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Kí n gé ẹ̀ka yìí, kó má baà pa ọmọ ẹlòmíràn."

"Ẹ̀rí ọmọ yín lẹ fẹ́ gé yẹn! Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre. Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà la ó lọ sọ fún, nísinsìnyí."

Wọ́n sì lọ sọ fún wọn. Kí gbèdéke tó pé, Adúmáradán kọ̀wé pé òun kò gba ẹ̀sùn àmì náà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ béèrè ẹni tó wakọ̀. Bàbá dìde. Adúmáradán fà á lápá aṣọ jókòó, òun fúnra rẹ̀ sì dìde.

"Èmi ni, Olúwa mi. N kò de bẹ́líìtì nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n ewé ló bo àmì. Àwòrán rẹ̀ nìyí."

Adájọ́ kọjú sí ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà wo àwòrán pẹ́.

"Olúwa mi, ẹ̀yìn àmì ni mo rí láti ibi tí mo dúró sí. N kò lọ wo iwájú rẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ."

Adájọ́ fagi lé ẹ̀sùn àmì, ó sì bu owó ìtanràn lé ti bẹ́líìtì. "Ọ̀nà kúkúrú náà ń pa ènìyàn," ó kì í nílọ̀.

Níta, Adúmáradán sáré tẹ̀ lé ọlọ́pàá. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀ bá ti dákẹ́ bí ẹ bá fẹ́."

"Èmi ni kí n dúpẹ́. Ká ní o sanwó ni, màá ṣì máa ṣi àwọn ẹlòmíràn mú."

Bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "O ṣeun tí o fà mí jókòó. Ìfẹ́ rẹ ni mo fẹ́ fi wẹ̀wọ̀n."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ awakọ̀, ẹ ka ìwé ẹ̀sùn yín tojú tẹ̀yìn kí ẹ tó sanwó. Ẹ gba èyí tí ẹ jẹ̀bi rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rí tako èyí tí ẹ kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi irọ́ ra ìdáǹdè fún ọmọ.

Wọ́n ti gé ẹ̀ka igi náà. Ọlọ́pàá náà a máa rìn yí àmì ká kí ó tó dúró síbẹ̀. Bàbá ti gba ìtọ́jú ojú, ṣùgbọ́n kò wakọ̀ mọ́. Ìyá ṣì ń fọṣọ, Adúmáradán ṣì ń gbé e, ó sì ń de bẹ́líìtì láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì.