Ìdajì Oògùn

"Ẹ fún mi ní ìdajì."

Apoògùn náà ti na ọwọ́ sí pẹpẹ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà. Ó dá ọwọ́ dúró, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì wo ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé.

"Ìdajì kẹ̀? Ṣé màmá àgbà rin ìrìn-àjò ni?"

"Rárá, sà. Ti oṣù tó kọjá ló ṣẹ́ kù nílé."

"Ó ṣẹ́ kù?" Ọkùnrin náà mi orí. "Oògùn yìí kì í ṣẹ́ kù, ọmọ mi. Hóró kan láàárọ̀, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kò lò ó ni."

"Wọ́n ń lò ó, sà."

Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń kíni. Apoògùn ka ìdajì oògùn náà sínú ọ̀rá, ó sì fún un ní ṣéńjì. Ṣéńjì náà pọ̀. Ọmọbìnrin náà dì í mọ́wọ́ pinpin títí ó fi délé.

Akápò ni wọ́n ń pè é nílé. Kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó ní ọkàn láti fi pè é mọ́.

Wẹ́dà ni bàbá náà. Orí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti já bọ́, níbi tó ti ń jó irin pọ̀. Òun nìkan ló mọ ibi tí owó ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Nígbà tó lọ tán, ìyá ń náwó bí ẹni ń bu omi nínú òkùnkùn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ owó ilé ti pé, àfi ọjọ́ tí onílé fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn wọn pa. Ọ̀sán gangan ni. Màmá àgbà, tó bí bàbá wọn, jókòó sórí àpótí níta láàárín ìkòkò àti ìrọ̀rí, ó fi ìborùn bo ojú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá lọ. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ṣé ẹ ń kó lọ ni, àbí wọ́n ń kó yín dànù?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn ará ìjọ ló dá owó jọ kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí Akápò. Ó búra pé wọn kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn síta mọ́ láé.

Ilé agbáfọ̀ ni ìyá ti ń lọ aṣọ. Lọ́jọ́ tó gba owó oṣù, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Orí mi kò gba ìṣirò mọ́," ló wí. "Ìwọ lo mọ̀wé. Gbà, máa bá wa ṣètò rẹ̀."

Ó sì ṣètò rẹ̀, ká sọ òtítọ́. Ó fọ agolo mílíìkì mẹ́ta: ọ̀kan fún owó ilé, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, owó ilé ti bọ́ sínú agolo tirẹ̀. Òun àti ìyàwó káfíńtà tó wà ní yàrá kejì jọ ń ra ìrẹsì lápò, wọ́n á pín in, owó rẹ̀ á sì dín. Ó ń ra ọṣẹ gbọọrọ, ó ń gé e wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sílé-ìwé kí owó ọkọ̀ lè kù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tín-ín-rín, kò gbọ́dọ̀ fi iná sílẹ̀ ní títàn nínú yàrá tí kò sí ènìyàn.

"Akápò," Abẹ́rẹ́ á ní, "ṣé kí n ṣì máa mí, àbí èémí náà ti gbówó lórí?"

"Máa mí díẹ̀díẹ̀."

Màmá àgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi mú Akápò yìí. Bó bá dé ọ̀run, á ní kí àwọn áńgẹ́lì pa àtùpà."

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Agolo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ti ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀ náà sì ń wúwo. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, á kọ́kọ́ gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó bọ́ bàtà.

Àfi bí ìrẹsì ṣe gbówó lórí. Oníbàárà dín nílé agbáfọ̀, wọ́n gé nínú owó oṣù ìyá, ọjọ́ owó ilé sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Akápò wò yíká ilé, kò rí ohun tó kù láti gé. Agolo kẹta wà níbẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́ràn bó ṣe wúwo. Ohun tó kù tí owó ń bá lọ lóṣooṣù ni oògùn màmá àgbà.

Ó bá ìyá àgbà níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Màmá àgbà, ara ńkọ́?"

"Ara le, ọmọ ọmọ mi. Kí lo fẹ́ tà fún mi?"

"Ṣé orí ṣì ń fọ́ yín bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ tó ti fi mí sílẹ̀."

"Mo ní... bó ṣe jẹ́ pé ara ti yá, bóyá ẹ lè máa lo oògùn yẹn lónìí, kí ẹ fo ọ̀la. Títí a ó fi san owó ilé ni o."

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró lórí aṣọ.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀jẹ̀ mi náà ti wọ inú agolo nìyẹn."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló ń bínú? Èmi tí mo jókòó sórí àpótí níta, ṣé ìwọ rò pé mo tún fẹ́ jókòó síbẹ̀?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. "Àárín èmi àtìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí o. Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Èyí tó ń rù ti tó o."

Akápò rò ó wò. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyá gbọ́, ṣé ó lè dára? Ṣùgbọ́n ó gbé ìrònú náà jù sẹ́yìn. Bó ṣe dé iwájú apoògùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn nìyẹn, tó ní kí ó fún òun ní ìdajì.

Owó ilé pé. Onílé kà á, ó tún un kà, kò rí ibi tó máa gbà bínú. "Ọmọ yìí," ó ní, "wàá lówó." Ìyá dì mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé, ó sunkún. Kò bi í bí owó náà ṣe pé.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, torí "títí a ó fi san owó ilé" ni àdéhùn. Ṣùgbọ́n owó ìdánwò àṣejáde ti ń yọjú, kò sì tíì sí ohun búburú tó ṣẹlẹ̀. Akápò padà lọ ra ìdajì. Ó tún lọ lẹ́yìn ìyẹn. Màmá àgbà kàn ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde lórí àga.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, ìyá ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá àgbà ń na ife omi sí Abẹ́rẹ́, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ẹnu rẹ̀ yí sí apá kan.

"Màmá àgbà, ẹ yé fi ojú ṣe mí bẹ́ẹ̀ yẹn," Abẹ́rẹ́ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Akápò! Akápò o!"

Ọkọ̀ káfíńtà ni wọ́n fi gbé e dé ilé-ìwòsàn. Ìyá sáré dé, òógùn bò ó, òórùn aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣì wà lára rẹ̀.

"Rọpárọsẹ̀ ni," dókítà wí. "Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé?"

"Lójoojúmọ́ ni, dókítà. Wọn kì í fò ó."

Akápò wà lẹ́bàá ògiri. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ àdéhùn náà wà lórí ibùsùn yẹn, kò sì lè sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ń fò ó," ó wí. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fò ó. Ìdajì ni mò ń rà."

Ìyá yíjú sí i. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ ibi tó ti rí i rí.

"Ó dára tí o sọ ọ́," dókítà wí pẹ̀lẹ́. "Oògùn yìí kì í wo àìsàn náà sàn. Ńṣe ló ń dì í mú. Ara tí ẹ rí pé ó le yẹn, oògùn ló ń mú un le."

Owó ibùsùn, owó àyẹ̀wò, owó abẹ́rẹ́. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo. Akápò ló ń fi ṣíbí fún màmá àgbà ní omi. Nígbà kan, ìyá àgbà la ẹnu, ó fẹ́ sọ nǹkan. Ọmọ náà tẹ etí sílẹ̀, kò gbọ́ ju èémí lọ. Ìyá àgbà fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tẹ ọwọ́ Akápò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pín oúnjẹ, ó dákẹ́.

Apoògùn wà lára àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ń lọ, ó fa Akápò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Irú oògùn yẹn kan wà tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀," ó wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo sì lè jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ká ní o sọ fún mi ni, ọmọ mi."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Akápò gbé àwọn agolo náà wá síwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ gbà wọ́n, Mọ́mì. Èmi ni mo pa màmá àgbà."

"Jókòó." Ìyá kò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó gùn láti ọjọ́ ilé-ìwòsàn yẹn. "Lóṣù tí wọ́n gé owó mi, owó ilé pé. Ìṣirò mi kò burú dé ibi tí mi ò ní mọ̀ pé kò yẹ kó pé. Mi ò béèrè, torí mi ò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà."

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí wọ́n fò ó."

"Ìwọ ni. Mi ò ní parọ́ tù ọ́ nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ nìkan." Ó ti àwọn agolo náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "A ó jọ máa ṣe é ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Láti ìgbà náà, bí owó oṣù bá ti wọlé, orí ẹní kan náà ni wọ́n máa ń jókòó sí. Olúkúlùkù á sọ ohun tó ń ṣe é kí owó tó wọ agolo kankan. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìyá sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun.

"Irọ́ ni," Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ń tì í bọ bàtà ni."

"Ìdúró ni. Á lọ fúnra rẹ̀."

Akápò ti ń ya owó dókítà sọ́tọ̀. "Èyí ló máa kọ́kọ́ jáde," ó wí.

Nítorí náà, owó ilé kò pé. Akápò fúnra rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú onílé lójú àwọn ayálégbé yòókù. Onílé bú u. Ó ní òun rò pé ó lọ́gbọ́n lórí tẹ́lẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín náà, ó tún ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, onílé ráhùn títí, ó sì fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún ọjọ́ fún wọn. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù. Ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí onílé ti ilẹ̀kùn wọn pa náà nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ tán, kò sì sí ẹni tó kú.

Ìgbà náà ló tó sunkún.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ máa tọ́jú owó, torí ẹni tó bá ń na gbogbo owó tó rí, òṣì ló ń ránṣẹ́ pè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé ohunkóhun kúrò nínú ìnáwó ilé, ẹ béèrè ẹni tó gbé ẹ̀mí lé e, kí ẹ sì béèrè lójú gbogbo ilé. Ìṣètò owó tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyá ẹni gbọ́, ó ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. A lè bẹ onílé. Yóò bú wa, yóò sì fún wa láyè. Ikú kì í gbẹ̀bẹ̀.