Ọwọ́ Tí A Fi Ń Júwe Ilé

Ìwé ìròyìn ni Olúkúnlé fi bo ìdí wọ ṣọ́ọ̀bù Fádùnní aránṣọ ní Ìlá, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Irin ọ̀kadà tó gbé e wá láti Ọ̀tan Ayégbajú ló fa ṣòkòtò tíṣà náà ya.

"Ẹ gbà mí, arábìnrin! Ọ̀gá iléèwé ń dúró dè mí."

"Ṣé kí n bá yín rán ìwé ìròyìn yẹn mọ́ ọn ni?" Fádùnní bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ṣòkòtò tíṣà kò yéé ya. Èyí tí kò tilẹ̀ ya, ó ń gbé e wá. Fádùnní mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn, àmọ́ ó máa ń fi aṣọ bo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí wọ́n bá ń tàkúrọ̀sọ. Ìfábẹ̀lá wà níbẹ̀, ọmọńdinrín wà. Ìka òrùka ni ẹ̀rọ gàrí gé lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ta ni yóò fẹ́ ìyàwó tí kò ní ìka òrùka?

Lọ́jọ́ tí Olúkúnlé mú òwú wá láti fi wọn ìka Fádùnní fún òrùka ìgbéyàwó, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó na ọwọ́ náà sí i.

"Ẹ wò ó, tíṣà. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n."

Olúkúnlé gbá ọwọ́ náà mú. "Àyànfẹ́ mi, àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní iṣan kan ti ìka yìí lọ tààrà sínú ọkàn."

"Tèmi ti gé nìyẹn."

"Ọwọ́ ọ̀tún làwọn ará Jámánì ń fi tiwọn sí. Ṣé wọn ò fẹ́ràn ara wọn ni?"

Fádùnní rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Ṣùgbọ́n Bọ́láwùmí, ìyá Olúkúnlé, kò gba ti Róòmù, kò gba ti Jámánì. Ọwọ́ òsì ni gbogbo ìyàwó ìjọ wọn ń nà sí pásítọ̀ fún òrùka. Ó wọ mọ́tò wá sí Ìlá fúnra rẹ̀.

Fádùnní kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un. Kò fi ọwọ́ òsì pamọ́. Ó ti sú u.

Ìyá náà gba omi, kò mu ún. "Ọmọ mi, n kò ní tàn ọ́. Níbo ni pásítọ̀ fẹ́ ti òrùka bọ̀?"

Fádùnní gbé ojú sókè. "Mà, ọwọ́ wo ni mo fi gbé omi fún yín?"

"Ọ̀tún ni. Ṣé wàá fòsì gbé omi fún mi ni?"

"Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé ilé ọkọ la ó wá fi júwe?"

Ìyá náà wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Wàá rí òmíràn pa," ó ní, ó sì mu omi náà gbẹ.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1994, pásítọ̀ mú òrùka dání níwájú ìjọ. "Ìyàwó, ọwọ́ òsì," ó ní, bó ṣe mọ́ ọn lára.

Bọ́láwùmí fò dìde lórí bẹ́ńṣì. "Ọ̀tún ni o, pásítọ̀! Ilé mi ló ń bọ̀!"

Ọwọ́ ọ̀tún ni òrùka wọ̀. Òsì ni Olúkúnlé dì mú títí wọ́n fi délé.