Ife Mẹ́wàá Orí Pépà

"Bàbá mi, ife mélòó lẹ mu?" Ọmọbìnrin tó bèèrè kò gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà fún ìdánwò.

"Méjì. Bí mo bá mu omi, ó ń dà bí ìgbà tí mo kó ìṣó sẹ́nu níbi iṣẹ́. Jẹ́ kí n sinmi."

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, kí jẹjẹrẹ tó dá a jókòó. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé oògùn rẹ̀ fún wọn: "Irin kan tí àwọn onímọ̀ sọ di oògùn ló wà nínú ẹ̀. Á so mọ́ DNA, okùn tí ìtọ́ni sẹ́ẹ̀lì wà lára ẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ wọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ò ní lè pín mọ́, á kú. Ṣùgbọ́n irin ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Omi ife mẹ́wàá lójúmọ́ ni kò ní jẹ́ kó ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ máa kọ iye ife tí wọ́n bá mu sórí pépà yìí."

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà ló ń fọṣọ, tó ń da èébì nù. Kò ní agbára àtibẹ agbàlagbà. Ó fa pépà, ó kọ "mẹ́wàá". Ọjọ́ mẹ́rin ló kọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń padà sórí ìwé rẹ̀, níbi tí ó ti ń kà nípa DNA.

Lọ́jọ́ karùn-ún, nílé ìwòsàn, dókítà wo èsì àyẹ̀wò, ó wo pépà, ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n mu omi tó, síbẹ̀ kíndìnrín wọn ń daṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn yìí ò bá wọn lára mu. A ó dá a dúró."

"Òmíràn ńkọ́?" ni bàbá bèèrè.

"Kò sí òmíràn tó lágbára bí eléyìí, bàbá."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, kò tú u fó. "Ó dáa," ni ó wí. "Pákó mìíràn wà tí kì í gba ìṣó."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ náà lọ́kàn. "Dókítà, irọ́ ni mo kọ. Ife méjì péré ni wọ́n ń mu."

Nọ́ọ̀sì gba pépà náà. "Ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bírò gba oògùn lọ́wọ́ bàbá ẹ."

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi fa omi sí bàbá lára kí wọ́n tó lè tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Ìyá ọmọ náà kò bá a wí. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìyẹn dun ọmọ náà ju ẹgba lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ó tún bèèrè: "Ife mélòó?"

"Mẹ́ta."

Ó kọ "mẹ́ta". Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó bu ife kẹrin, ó jókòó ti bàbá. "Ẹ rọra máa mu ún. Mi ò ní dìde."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa tó dá wa mọ̀ pé ó máa ń rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àárẹ̀ kọ́ yín ní irọ́. Iṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ lè jẹ́ ẹ̀mí ẹlòmíràn.