Wọ́n Ní Svava Gbàgbé Omi

Èéfín funfun ń rú gùdù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù náà bí ẹni pé wọ́n ń se ẹran gbogbo abúlé nínú rẹ̀. Svava dúró tì í lójú ọ̀nà òkè, ó ń bú u. Ó bú ẹ́ńjìnnì, ó bú táyà, ó bú òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ti sọ irun pupa rẹ̀ di okùn. Àwọn àgùntàn tó kó sẹ́yìn ọkọ̀ ń ké, ajá rẹ̀ sì jókòó, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo eré.

Báyìí ni Eyvindur ṣe bá a. Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ará àfonífojì ń kó àgùntàn wálé kí yìnyín tó bọ́ ni. Orí ẹṣin ló wà, ó ga, súwẹ́tà onírun àgùntàn rẹ̀ rin gbingbin, ojú rẹ̀ sì mọ́ bí omi odò. Ọkàn Svava fà sí i díẹ̀, kò sì fẹ́ kó fà. Ká ní ọkùnrin náà pa ẹnu mọ́ ni, bóyá ìfẹ́ ì bá ti bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó la ẹnu.

“Ṣé o bu omi sí i kó o tó kúrò nílé?”

Kò mọ̀ pé egbò ni òun tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, ẹgbẹ́ adóòlà-ẹ̀mí rán Svava lọ gbé bàbá arúgbó kan tí ìjì yìnyín ká mọ́ orí òkè. Jíìpù rẹ̀ hó, ó gbẹ, ó kú sójú ọ̀nà. Kí ọkọ̀ mìíràn tó débẹ̀, òtútù ti jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá náà. Guttormur, olórí ẹgbẹ́, tó tún jẹ́ mẹkáníìkì kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Ọmọbìnrin yìí gbàgbé omi.” Wọ́n gba jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè ra búrẹ́dì kí ẹnì kan má bi í bóyá ó ti bu omi. Bàbá tó bí i pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

“Mo bu omi!” ni Svava jágbe. “Mo bu ú lánàá, mo bu ú láàárọ̀ yìí. Ìwọ ńkọ́, ṣé o fún ẹṣin ẹ lómi?”

“Ẹṣin tèmi kì í jò.”

“Jíìpù mi náà kì í jò! Sọ̀ kalẹ̀ wá wo ilẹ̀. Ṣé o rí ẹ̀kán omi kan?”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ṣíji bò gbẹ táútáú.

“Níbo wá ni omi ń lọ?”

“Ohun tí mo ti ń bi gbogbo yín láti ìgbà òtútù nìyẹn!”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní Eyvindur lòún ń jẹ́, ọmọ àbúrò Guttormur lobìnrin, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì dé láti ìlú ńlá ni, kóun lè máa bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Ẹbí Guttormur?” Ojú Svava yí padà. “Gun ẹṣin ẹ, máa lọ.”

Kò lọ. Ó dúró títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, ó bu omi odò sí i, ó sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé Bárður, bàbá Svava.

Ní ọjọ́ kejì, ó wá sí abà àgùntàn wọn pẹ̀lú irinṣẹ́. Ó fi pọ́ńpù ti afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbé, láti wò ó bóyá á jò nígbà tó tutù, kò jò. Wọ́n tú ọ́ọ̀sì, rọ́bà tí omi ń gbà, wò, kò sí èyí tó là. Ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Svava ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi í ṣẹ̀sín pé bó ṣe ń wá omi yìí, ó yẹ kó máa wa kànga. Nígbà tí ọwọ́ wọn bá kanra níbi kan náà, kò sí ẹni tó ń yára fa tirẹ̀ kúrò.

“Ìgbà tó bá gbóná ló ń lọ,” ni Svava wí. “Kí ló dé tá a fi ń wò ó nígbà tó tutù?”

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí ó fi gbóná. Svava ki ọwọ́ sábẹ́ ike kékeré tí omi máa ń sá sí bó bá gbóná tó sì wú. “Wá wò ó! Ó ń làágùn!”

Ike náà ti sán nísàlẹ̀, ojú ibi tó sán tín-ín-rín bí irun. Bí omi gbígbóná bá tì í, ojú sísán náà á là, omi á fín sára páìpù èéfín, á sì di ooru omi kó tó kanlẹ̀. Bó bá tutù, á padé. Eyvindur tú u, ó dojú rẹ̀ dé. Gọ́ọ̀mù dúdú ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti ń ṣí.

“Èmi ò lẹ gọ́ọ̀mù kankan,” ni Svava wí. Lójijì ó rántí nǹkan kan. “Guttormur ló tún ọkọ̀ yìí ṣe fún mi kí òtútù tó dé.”

Eyvindur kò wo ojú rẹ̀. Ó mọ gọ́ọ̀mù náà. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fi ń dí ọkọ̀ ojú omi.

“Ó mọ̀ pé ó ti sán! Ó lẹ̀ ẹ́ bí aṣọ àkísà, ó sì dìde níwájú gbogbo ayé, ó ní èmi ni mo gbàgbé!”

“Svava, jẹ́ ká rọra ṣe é. Òun ló sanwó iṣẹ́ tí mo kọ́. Màá bá ọ wá òmíràn, ọ̀rọ̀ á tán ńlẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ á tán? Orúkọ mi ńkọ́? Jáde nínú abà wa.”

Ó jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín àgùntàn, gbogbo àfonífojì pé sínú ọgbà olókùúta. Bí Guttormur ṣe rí Svava, ó pariwo, “Svava, ṣé o ti bu omi?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Svava gbé ike náà sókè.

“Mo bu ú! Ibi tó gbà lọ nìyí. Ẹ sọ fún wọn ẹni tó fi gọ́ọ̀mù bo ojú rẹ̀.”

“Ta ló mọ̀?” ni Guttormur wí. “Ẹnikẹ́ni ló lè lẹ̀ ẹ́.”

Ni Eyvindur bá fo ọgbà wọlé, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun.

“Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Gọ́ọ̀mù yín ni. Èmi náà mọ̀, mo sì dákẹ́, ojú sì ń tì mí.”

Guttormur na ìka sí i. “Má tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá arúgbó tó pàdánù ìka ẹsẹ̀ tiro wá, ó bọ Svava lọ́wọ́. Bárður náà sún mọ́ ọn.

“Dárí jì mí, ọmọ mi. Mo gbà wọ́n gbọ́.”

“Ẹ máa rí ìdáríjì gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ sí i.”

Ó bínú lóòótọ́. Ẹgbẹ́ dá jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, ó gbà á láì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, Eyvindur kanlẹ̀kùn. Ó gbé táǹkì tuntun kan dání tó máa rọ́pò ike náà, alumíníọ̀mù tó nípọn, tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí òun fúnra rẹ̀ jó pọ̀, tó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èèyàn lè máa rí ibi tí omi dé. Wọ́n dè é mọ́ jíìpù náà, wọ́n rọ omi pupa tí òtútù kì í mú dì sí i, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ pẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bó ṣe gbóná tó kò mì.

“Svava,” ni Eyvindur wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì pupa fún omi náà, “mi ò níṣẹ́, mo sì ti ṣẹ̀ ọ́. Fẹ́ mi.”

“Báwo ni mo ṣe máa fẹ́ ẹni tó ní láti rí ẹ̀rí kó tó gbà mí gbọ́? Bí gbogbo àfonífojì yìí bá tún ní mo gbàgbé nǹkan ńkọ́?”

“Màá ní irọ́ ni.”

“Kó o tó wò ó?”

“Kí n tó wò ó.”

“Tó bá wá jẹ́ pé mo gbàgbé lóòótọ́?”

“Màá bá ọ jà nílé, ààyò mi, lẹ́yìn tí mo bá ti ilẹ̀kùn.”

Ẹ̀rín já lẹ́nu Svava kó tó mọ̀, ó sì fi orí ti èjìká rẹ̀.

“Svava!” ni Bárður ké láti ilé ìdáná, ẹni tó ti ń tẹ́tí láti àárọ̀. “Dá ọkùnrin yẹn lóhùn, kọfí ti ń tutù!”

“Mo ti dá a lóhùn, Bàbá. Ẹ bu ti ọkọ mi náà.”